Káàdì Kò Jẹ̀bi

Páálí kan wà nínú yàrá ìkẹ́rùsí ilé-iṣẹ́ kan lójú ọ̀nà Ọ̀tà sí Ìdírókò, níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ fún ọdún mẹ́fà. Ẹnì kan ti fi bírò pupa kọ ọ́ sára rẹ̀ pé: TI BÀJẸ́. Káàdì méje ló wà nínú rẹ̀, irú èyí tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní I/O, tí owó ẹyọ kan wọn ju owó oṣù ẹni tó yọ ọ́ lọ. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí ẹ̀rọ sinmi, mo kó gbogbo wọn sórí tábìlì, mo fún wọn ní iná, mo so wọ́n mọ́ PLC tí a fi ń kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́, mo sì yẹ ojú wáyà wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Márùn-ún nínú méje ń ṣiṣẹ́ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já wọn kúrò nínú ọ̀rá.

Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. Àwa tí a dá márùn-ún yẹn lẹ́bi kò tilẹ̀ gbọ́ ẹjọ́ ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń gbé ẹ̀sùn yìí kiri nínú ọkàn mi. Mo fi kan àwa oníṣẹ́ iná àti ẹ̀rọ, mo fi kan àwọn agbaṣẹ́ṣe tó ń to ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ tí wọ́n sì ń bá tiwọn lọ, mo fi kan àwọn ọ̀gá tó ń ka ìṣẹ́jú tí ẹ̀rọ fi dúró tí wọn kì í ka ohun tó dá a dúró. N kò yọ ara mi sílẹ̀. Ẹ ó bá mi níbẹ̀ kí n tó parí.

Kí ẹni tí kò wọ ilé-iṣẹ́ ńlá rí náà lè bá wa gbọ́ ẹjọ́ ọ̀hún, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. PLC ni kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ̀rọ. Káàdì I/O ni ojú, etí àti ọwọ́ rẹ̀: àwọn kan ń gba ìròyìn wọlé pé ilẹ̀kùn ti tì, táǹkì ti kún, ìgò ti dé, àwọn kan ń gbé àṣẹ jáde pé kí fáàfù ṣí, kí mọ́tọ̀ yí. Láyé ọjọ́un, wáyà sẹ́ńsọ̀ kọ̀ọ̀kan ló ń rìn láti ìdí ẹ̀rọ dé yàrá PLC. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní sẹ́ńsọ̀ ẹgbẹ̀rún á ní wáyà tó ju ẹgbẹ̀rún lọ. Nígbà tó yá, wọ́n gbé káàdì sínú àpótí kékeré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n sì fi okùn kan ṣoṣo so àwọn àpótí náà mọ́ PLC. Modbus, tí Modicon gbé jáde ní 1979, wà lára àwọn tó lànà. Profibus àti DeviceNet tẹ̀ lé e. Profinet àti EtherNet/IP ló gbòde báyìí.

Káàdì àti PLC ń kí ara wọn lọ́pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan. Bí ìkíni bá dákẹ́ kọjá àkókò tí a dá fún un, káàdì á gbà pé ó ku òun nìkan. Bí a ṣe sábà máa ń tò ó, á jọ̀wọ́ gbogbo ohun tó dì mú: fáàfù á padé, mọ́tọ̀ á dúró, iná pupa á sì tàn lójú rẹ̀. Ohun tí iná pupa yẹn ń sọ ni pé, n kò gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Ohun tí àwa sì ń gbọ́ ni pé, mo ti kú.

Ẹ̀sùn kìíní: à ń yọ káàdì ká tó wọn ohunkóhun.

Aago méjì òru, ẹ̀rọ dúró. Iná pupa ń ṣẹ́jú lórí káàdì kẹrin. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ na ọwọ́ sí mítà, ó ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo iná tó ń dé bẹ̀." Ọ̀gá ní, "Mánẹ́jà ti pè mí lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Yọ ọ́, fi tuntun sí i." Ó yọ ọ́, ó fi tuntun sí i, iná di àwọ̀ ewé, gbogbo wa mí kanlẹ̀, káàdì àtijọ́ wọ páálí lọ. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́tàlá, níbi kan náà, iná pupa tún tàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ rèé. Nígbà tí ọmọ náà ń yọ káàdì, ó yọ pulọ́ọ̀gì okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì pẹ̀lú rẹ̀, ó sì tún un tì bọlé. Eyín bàbà tó ti dípẹtà fara ha ara wọn, ìpẹtà ṣí kúrò, ọ̀rọ̀ ráyè kọjá. Pulọ́ọ̀gì ló ń ṣàìsàn. Títún un tì ló fún un ní àlàáfíà ọjọ́ mẹ́tàlá, káàdì tuntun ló gba ìyìn, ti àtijọ́ ló jìyà. Irú ìwòsàn yìí léwu ju kéèyàn má mọ nǹkan kan lọ, nítorí pé ó kọ́ ọmọ yẹn ní irọ́, ó sì fi àwọ̀ ewé bu ọwọ́ lù ú. Lọ́jọ́ mìíràn á tún ṣe bẹ́ẹ̀, á sì kọ́ ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, káàdì ń sọ tẹnu rẹ̀ fún ẹni tó bá dúró gbọ́. Iná ojú rẹ̀ pọ̀: ọ̀kan ń ròyìn iná tó ń wọlé, ọ̀kan ń ròyìn nẹ́tíwọ́ọ̀kì, àwọn yòókù ń ròyìn ojú wáyà kọ̀ọ̀kan. Bí PLC bá ní ilẹ̀kùn kò tíì tì, tí iná ojú wáyà ilẹ̀kùn náà sì ń tàn lórí káàdì, sẹ́ńsọ̀ àti wáyà rẹ̀ ti jàre. Ẹ máa bọ̀ lọ́dọ̀ káàdì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì àti PLC. Bí iná yẹn kò bá tàn, ẹ gbé mítà. Bí mítà kò bá ka nǹkan kan lójú wáyà, ẹ dojú kọ sẹ́ńsọ̀. Bó bá ka fóltì 24, tí wáyà òdo náà sì pé, tí iná kò tún wá tàn, ìgbà yẹn gan-an la tó lẹ́tọ̀ọ́ láti fura sí káàdì. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún ni. Mo ti rí káàdì tuntun tó gba wákàtí mẹ́rin lọ́wọ́ wa nítorí pé sọ́fútíwia inú rẹ̀ yàtọ̀ sí ti àtijọ́, tí PLC kò fẹ́ gbà á, tí ẹni tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò ó sì wà nílé rẹ̀, ó ti pa fóònù.

Ẹ̀sùn kejì: à ń fojú tẹ́ńbẹ́lú okùn.

Gbogbo ilé-iṣẹ́ ni wọ́n ti ń ra PLC olówó gọbọi, tí wọ́n á wá lọ ra okùn tó pọ́ọ́kú jù lọ́jà, tí wọ́n á sì fi rán ẹni tí kò gba ẹ̀kọ́ kankan nípa rẹ̀ láti fà á. Okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì ní òfin. Ọ̀rọ̀ tó bá rìn dé ìpẹ̀kun okùn tí kò bá rẹ́sítọ̀ tí yóò gbà á, á padà wá bíi gbohùngbohùn, á sì kọlu èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Ìdí nìyí tí DeviceNet fi ń lo rẹ́sítọ̀ óòmù 121 méjì, ọ̀kan lórí, ọ̀kan nídìí. Ẹ pa iná rẹ̀, ẹ fi mítà kan wáyà funfun àti wáyà búlúù. Bí ẹ bá ka nǹkan bí 60, ó pé. Bí ẹ bá ka 120, ọ̀kan ti sọnù tàbí okùn ti já. Bí ẹ bá ka 40, ẹnì kan ti lọ fi ẹ̀kẹta kún un nítorí ó rò pé ohun tó dára, bó bá pọ̀ sí i, á túbọ̀ dára. Kò sí kọ̀ǹpútà nínú ìdánwò yìí, kò sí páásíwọọ̀dù. Mo ti bi àwọn tó ti ń tún DeviceNet ṣe láti bí ọdún mẹ́wàá pé kí ni nọ́ńbà yẹn ní ilé-iṣẹ́ wọn, wọn kò mọ̀ ọ́n.

Okùn Profibus elésè àlùkò náà ní súwíìṣì kékeré lórí pulọ́ọ̀gì rẹ̀. Ìpẹ̀kun méjèèjì nìkan ló yẹ kó wà ní títàn. Bí ọwọ́ ẹnì kan bá tan ti àárín, pulọ́ọ̀gì náà á gé gbogbo ohun tó wà níwájú rẹ̀ kúrò, káàdì mẹ́fà á pọ́n ojú lẹ́ẹ̀kan náà, a ó sì gbọ́ tí wọ́n ń sọ pé iná tó lágbára jù ló jó gbogbo wọn pa. Káàdì mẹ́fà kì í bá ara wọn ṣàdéhùn láti kú ní ìṣẹ́jú kan náà. Bí wọ́n bá pọ́n lójú pa pọ̀, ẹ wá ohun kan ṣoṣo tí gbogbo wọn jọ ń lò.

Àpótí kan wà tó ń yọ wá lẹ́nu ní gbogbo àárọ̀, nǹkan bí aago méje. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko. Àwọn ọmọ iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ọwọ́ ayé ti wọ̀ ọ́. N kò bá wọn jà; èèyàn tí kò rí ìdí ọ̀rọ̀ á wá ibi tí yóò sọ ọ́ sí. Mo dìde láàárọ̀ kan, mo tẹ̀ lé okùn náà lẹ́sẹ̀ láti yàrá PLC títí dé ìdí àpótí. Ní òkè, lórí irin tí okùn ń gbà kọjá, wọ́n ti di okùn nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa mọ́ okùn iná mọ́tọ̀ ńlá tó ń po nǹkan, tí ẹ̀rọ tó ń yí ìyára padà ń darí. Ó tó ogójì mítà tí wọ́n jọ sùn pọ̀. Àwọ̀n bàbà tó yẹ kó dáàbò bo okùn wa, ẹni tó so ó ti fi ọ̀bẹ gé e dànù lápá méjèèjì kó lè rọrùn fún un láti ki wáyà bọ ihò. Aago méje àárọ̀ ni mọ́tọ̀ yẹn ń bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lójú mi, ẹni tó gé àwọ̀n yẹn ṣe ibi ju ẹni tó jí káàdì lọ, torí a ó rí àyè ibi tí wọ́n ti jí káàdì.

Ẹ̀sùn kẹta kò gùn. À ń wọn fóltì 24 níbi tí wọ́n ti ń pín in, tí kì í ṣe níbi tí wọ́n ti ń jẹ ẹ́. Nínú páńẹ́ẹ̀lì, mítà ka 24.1, a rẹ́rìn-ín, a lọ. Ní òpin okùn, nígbà tí fáàfù mẹ́jọ bá jọ fà á pọ̀, ó ti di 18, bẹ́ẹ̀ 20.4 ni ọ̀pọ̀ káàdì ń fẹ́ ó kéré tán. Káàdì á dákú, fáàfù á jọ̀wọ́ iná, fóltì á gòkè padà, káàdì á jí, á ní kò sóhun tó ṣe òun. Ẹ wọ̀n ọ́n lójú káàdì, kí ẹ̀rọ máa ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ní orílẹ̀-èdè tí a ti ń kúrò lórí NẸ́PÀ bọ́ sórí jẹnẹrétọ̀ lẹ́ẹ̀marùn-ún lóòjọ́, ẹ̀ṣẹ̀ yìí kò ní àforíjì.

Ẹ̀sùn kẹrin: a sọ ọ̀nà káàdì di ọ̀nà ọjà.

Káàdì ń retí ìkíni rẹ̀ lásìkò. Ní ilé-iṣẹ́ tí mo ń wí yìí, ẹni tó wá so kámẹ́rà ẹnu ọ̀nà rí ihò kan tó ṣófo lára súwíìṣì nẹ́tíwọ́ọ̀kì wa, ó ki okùn rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó sì fún kámẹ́rà ní àdírẹ́ẹ̀sì tí káàdì kan ti ń jẹ́ tipẹ́. Ẹni méjì ń dáhùn orúkọ kan. Ọjọ́ méjì ló gbà wá ká tó rí i. Kò bi ẹnikẹ́ni, kò sì sí ẹni tó sọ fún un pé kó béèrè.

Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ọ̀rọ̀ kékeré ni, kó gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Browns Ferry, ilé amúnáwá núkílíà Tennessee Valley Authority ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kẹjọ ọdún 2006, pọ́ńpù méjèèjì tó ń yí omi ká inú ẹ̀rọ núkílíà kẹta níbẹ̀ dákẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ní láti fi ọwọ́ ara wọn pa ẹ̀rọ náà. Nígbà tí wọ́n tọ ipasẹ̀ rẹ̀, ọ̀rọ̀ tó pọ̀ lápọ̀jù lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ti dí etí àwọn ohun tó ń darí ìyára pọ́ńpù. PLC mìíràn tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ti fífọ omi mọ́ náà kọṣẹ́ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kan náà. Kò sí jàǹdùkú kankan nínú ọ̀rọ̀ náà tó bá íntánẹ́ẹ̀tì wọlé. Àjọ tó ń ṣàkóso ọ̀rọ̀ núkílíà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé sí gbogbo ilé amúnáwá irú rẹ̀ ní 2007 láti kìlọ̀ fún wọn, Browns Ferry fúnra rẹ̀ sì fi ohun tó ń dín ọ̀rọ̀ kù sí ẹnu ọ̀nà àwọn ẹ̀rọ tó lè kú báyẹn. Ohun tó wù mí nínú ìtàn yìí ni pé wọn kò ra pọ́ńpù tuntun kí wọ́n lọ sùn. Wọ́n wádìí.

Ẹ̀sùn karùn-ún: àwòrán kò sí, orúkọ kò sí lára wáyà, ètò inú PLC wà nínú kọ̀ǹpútà ẹnì kan. Agbaṣẹ́ṣe parí iṣẹ́, ó fi páásíwọọ̀dù ti ètò náà, ó gba owó, ó lọ. Ilé-iṣẹ́ tó san gbogbo owó wá di ayálégbé nínú ilé ara rẹ̀. Ọ̀gá tó bá gba kọ́kọ́rọ́ iṣẹ́ láìgba àwòrán, láìgba ètò, láìgba páásíwọọ̀dù, jẹ̀bi pẹ̀lú agbaṣẹ́ṣe.

Ẹ̀sùn kẹfà ló jẹ́ kí n kọ ìwé yìí.

Bí sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn ààbò bá ń ṣe wàhálà, tí PLC ń sọ pé ilẹ̀kùn ṣí nígbà tó wà ní títì, àwọn kan kì í wá ìdí rẹ̀. Wọ́n á mú wáyà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ, wọ́n á fi so fóltì 24 mọ́ ojú wáyà ilẹ̀kùn lórí káàdì. Jọ́ńpà là ń pè é. Láti ìgbà náà, káàdì á máa jẹ́rìí pẹ̀lú òtítọ́ inú pé ilẹ̀kùn tì, ìbáà jẹ́ pé wọ́n ti yọ ilẹ̀kùn náà gbé sílẹ̀. Wọ́n á ní ti alẹ́ yìí nìkan ni. Alẹ́ yẹn á di oṣù.

Mo rí ọ̀kan. Mo kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn iṣẹ́, mo kọ ọjọ́, mo bu ọwọ́ lù ú. N kò yọ ọ́, torí pé mo mọ̀ pé ẹ̀rọ yóò dúró, mo sì mọ ẹni tí wọn yóò bi. Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn rẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn láti yọ páálí tó há. Ó gbà gbọ́ pé ẹ̀rọ yóò dúró bí òun bá ti ṣí i, nítorí bẹ́ẹ̀ la ṣe kọ́ ọ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ìka méjì ló fi lọ. Ìwé tí ilé-iṣẹ́ kọ sọ pé kò ṣọ́ra. Mo ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ jọ́ńpà kún un. Wọ́n ní kí n má da ilé rú. Mo kúrò níbẹ̀ kí ọdún tó parí, ṣùgbọ́n kíkúrò mi kò dá ìka kankan padà.

Ohun tó ń mú wa débẹ̀ ni àṣà títún nǹkan ṣe láìmọ ohun tó ṣe é. Ẹ wo Buncefield, ilé ìpamọ́ epo tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Hemel Hempstead ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 2005, ohun tó ń wọn epo nínú táǹkì 912 ti há lẹ́ẹ̀mẹ́rìnlá láàárín ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ sí ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá. Nígbà mìíràn, àwọn òṣìṣẹ́ á gbé e sókè, wọ́n á jẹ́ kó tún sọ̀ kalẹ̀ kó lè tú. Nígbà mìíràn wọ́n á pe agbaṣẹ́ṣe. Kò sí ẹni tó rí ìdí rẹ̀ gan-an. Ní òru tó di Sọ́ńdè, ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá, epo bẹntiróòlù ń wọ táǹkì yẹn. Ní aago mẹ́ta kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, òǹwọ̀n tún há. Epo ń gòkè, nọ́ńbà ojú kọ̀ǹpútà kò gbéra. Agogo ìkìlọ̀ kò dún, torí òǹwọ̀n tó há yìí náà ló yẹ kó lu agogo.

Súwíìṣì kejì wà lókè táǹkì, tó dá dúró fúnra rẹ̀, tó yẹ kó pa ohun gbogbo bí epo bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọ̀pá ìdánwò kan wà lára súwíìṣì náà tí àgádágodo kékeré ń dì mú sí ibi tó yẹ kó wà. Wọn kò fi àgádágodo náà sí i, torí pé kò yé àwọn tó gbé e síbẹ̀ àti àwọn tó ń lò ó pé òun ló jẹ́ kí súwíìṣì ṣiṣẹ́. Epo bẹ̀rẹ̀ sí í dà láti orí táǹkì kí aago mẹ́fà tó lù, ó ju lítà 250,000 lọ. Ní aago mẹ́fà kọjá ìṣẹ́jú kan, ó búgbàù. Ó ju ogójì èèyàn lọ tó fara pa, iná náà sì jó fún ọjọ́ márùn-ún. Ọlọ́run ló yọ ọ́ tó fi jẹ́ pé òwúrọ̀ ọjọ́ ìsinmi ni, kò sẹ́ni tó kú.

Mo ń ronú nípa ẹ̀ẹ̀mẹ́rìnlá yẹn púpọ̀. Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan nínú rẹ̀, ẹnì kan wà tó rò pé òun ti tún un ṣe.

Nítorí náà, ìdájọ́ tí mo fẹ́ kò le. Kí a kó káàdì inú páálí jáde ní gbogbo ilé-iṣẹ́ wa, kí a yẹ̀ wọ́n wò, kí a kọ iye tó yè sára ògiri níbi tí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ yóò ti máa rí i. Kí ẹnikẹ́ni má yọ káàdì láìkọ ohun tí mítà kà sílẹ̀. Kí okùn ní orúkọ, kí àwòrán wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn páńẹ́ẹ̀lì, kí ètò PLC wà lọ́wọ́ ẹni tó ni ilé-iṣẹ́.

Ìwọ oníṣẹ́ tó ń ka èyí, mo bẹ̀ ọ́, kí o tó kúrò lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, ṣí páńẹ́ẹ̀lì ilẹ̀kùn ààbò. Wá wáyà kékeré tí kò sí nínú àwòrán. Bí o bá rí i, pe ọ̀gá rẹ kó wá fi ojú ara rẹ̀ rí i, ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́, ẹ sì wá ohun tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ ilẹ̀kùn náà gan-an. Bí wọ́n bá ní ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ dúró, jẹ́ kó dúró. Èmi ò jẹ́ kó dúró.